Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé wọn: èsì fún oníke kan ní Ìbàdàn

Ìbéèrè tó wọlé nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ ń ra ike lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á nígboro Ìbàdàn. À ń fọ̀ ọ́, à ń lọ̀ ọ́, a sì ń tà á fún àwọn tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga. Lóṣù tó kọjá, yunifásítì kan ní Yúróòpù kọ̀wé sí wa pé ká wá dara pọ̀ mọ́ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kan lórí àtúnlò. Ilé-iṣẹ́ mẹ́tàlá láti orílẹ̀-èdè méje ló ti wà níbẹ̀. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, orí mi ń yí. Ṣé irú iṣẹ́ báyìí ń so èso lóòótọ́ lọ́dọ̀ wọn, àbí ìwé lásán ni? Kí sì ni èrò tó pọ̀ tó báyìí ń wá lórí ọ̀rọ̀ ike?"

Ìyá oníke, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà òórùn àgbàlá.

Ó ń so èso. Kì í ṣe gbogbo wọn, àmọ́ mo lè tọ́ka yín sí èyí tó ti ń so láti ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì lè tọ́ka yín sí èyí tó kú lójú gbogbo ayé ní 2024. Ìbéèrè yín kejì, ti èrò rẹpẹtẹ, ni mo fẹ́ dúró lé jù, torí òun ni yóò ṣí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rọ tó ń lọ ike kò wọ́n ní Yúróòpù. Ẹni tí yóò ṣì ra ohun tí ẹ̀rọ náà lọ̀, lọ́jọ́ tí ike tuntun bá dínwó ju àlòkù lọ, òun ló wọ́n. Torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n ṣe ń kó ara wọn jọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Kalundborg ní Dẹ́ńmákì. Ìlú etíkun ni, nǹkan bí 100 kìlómítà sí ìwọ̀-oòrùn Copenhagen. Àwọn tó ń gbé ìlú náà kò ju nǹkan bí 16,000 lọ. Àdúgbò kan ṣoṣo ní Ìbàdàn lè gbé wọn mì. Kò sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ tó ní òun fẹ́ dá ọrọ̀ ajé àlòtúnlò sílẹ̀. Omi ló fà á. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò pọ̀ lágbègbè náà, ilé ìfọpo sì ń bọ̀ níbẹ̀, ilé ìfọpo kì í sì í fi omi ṣeré. Ní 1961, wọ́n fa omi láti adágún Tissø wá: ìjọba ìlú ló ri páìpù, ilé ìfọpo ló gbówó kalẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Gyproc, àwọn tó ń ṣe pátákó fún ògiri àti àjà ilé, wá tẹ̀dó sí tòsí nítorí gáàsì tí ilé ìfọpo ń sun dànù. Àwa tí a ti rí iná gáàsì ní Niger Delta mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: owó tó ń jó lójú sánmà tọ̀sán tòru. Wọ́n fa páìpù kan sí i, gáàsì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ pátákó.

Bó ṣe ń lọ nìyẹn, ní méjì méjì. Ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Asnæs bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àwọn ará ìlú ní 1981 (òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ wa), ó tún ń ta oru omi gbígbóná fún ilé ìfọpo àti fún Novo, àwọn tó ń ṣe oògùn insulin fún onítọ̀ọ́gbẹ. Ìwúkàrà tó ṣẹ́ kù nídìí insulin di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ẹrẹ̀ tó ṣẹ́ kù di ajílẹ̀ lóko. Nígbà tó di 1993, Asnæs ra ẹ̀rọ tó ń fi òkúta ẹfun gba imí-ọjọ́ lára èéfín èédú. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ ni gypsum, gypsum sì ni Gyproc fi ń ṣe pátákó. Láti Sípéènì ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹnì kan ìbá san owó láti sin di ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sanwó rà.

Páìpù kọ̀ọ̀kan ló ní àdéhùn tirẹ̀, láàárín ẹni méjì, èrè sì wà níbẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí lógò, kò sí ìpàdé ìfilọ́lẹ̀ tí wọ́n ti ń gé kéèkì. Ó di ìparí àwọn ọdún 1980 kí àwọn fúnra wọn tó wo gbogbo páìpù náà pọ̀ tí wọ́n sì fún un lórúkọ. Lónìí, ohun tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn níbẹ̀ lé ní ogún. Àwọn tó wà nídìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ máa ń sọ pé jíjìnnà ọkàn ló ń pa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe gígùn páìpù. Ìlú kékeré ni, àwọn ọ̀gá mọ ara wọn. Ẹni tó bá yan ẹnìkejì jẹ yóò ṣì pàdé rẹ̀ lọ́jà.

Àléébù rẹ̀ wà o, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tó máa fi di 2020, Asnæs ti fi èédú sílẹ̀, ó ti bọ́ sórí igi tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Ó dára fún ojú ọjọ́, àmọ́ gypsum tó ń ti èéfín èédú jáde bá èédú lọ. Ẹni tó bá ń jẹun nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, lọ́jọ́ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá ronú pìwà dà, ebi dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ wá kọ́ iṣẹ́ yín lé orí àjẹkù òun, ẹ bi í pé ọdún mélòó ni òun fẹ́ máa fi ní àjẹkù náà.

Àwọn ará Bírítéènì wò ó pé àwọn kò lè fi ọgbọ̀n ọdún dúró de irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2005 wọ́n gbé ètò kan tí wọ́n ń pè ní NISP dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n á pe àwọn oníléeṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn, kálukú á kọ ohun tó ní àti ohun tó ń wá, àwọn alárinà á máa so wọ́n pọ̀. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ni, pàǹtí ló wà lórí àtẹ. Kí ló mú wọn wá? Owó orí ìdalẹ̀nù. Láti 1996, gbogbo tọ́ọ̀nù tí wọ́n bá sin sílẹ̀ ló ní owó tí wọ́n ń san lé e. 7 pọ́n-ún ni nígbà náà, ó ti lé ní 100 báyìí. Níbi tí dída pàǹtí nù bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni yóò wá sí ìpàdé.

Èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ yín jù ni ti ìgò, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fún un ní orúkọ ńlá. Ta ló ń lọ ra mínírà ní kéréètì láìgbé òfìfo ìgò dání? Bí ìgò kò bá sí, ẹ fi owó ìgò sílẹ̀. Owó ìgò yẹn náà ni Jámánì gbé lé ike àti agolo láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003: 25 sẹ́ǹtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ mu omi tán, ẹ gbé ike náà padà sí sọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri á gbé e mì, á kọ ìwé fún yín, ẹ ó sì fi gba owó níbi ìsanwó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń padà wálé. Èyí tí ọlọ́wọ́ bá jù sílẹ̀, aláìní á ṣà á. Àwọn ará Jámánì kan tiẹ̀ máa ń rọra gbé ìgò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí kí ẹni tó ń ṣà á má bàa máa ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀gbin. Àwọn tó ń ta ike fún yín á mọ iyì ìyẹn.

Ọgbọ́n ti Nọ́wè ló tún mú mi rẹ́rìn-ín jù. Àwọn tó ń ṣe ohun mímu àti àwọn onísọ́ọ̀bù ló jọ ni ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìgò padà, Infinitum lórúkọ rẹ̀. Ìjọba gbé owó orí lé agolo àti ìgò ike, ó wá ní: bí ìgò bá ṣe ń padà sí i ni màá máa dín in kù, bó bá ti lé ní ìdá 95 nínú 100, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ nínú owó orí yẹn. Ẹ wo bó ṣe rí. Àwọn tí ìbá máa bá ara wọn jà lọ́jà, ẹlẹ́kọ́óòkì àti ẹlẹ́mu bíà, di alájọṣe, torí bí ìgò ọ̀kan kò bá padà, àpò gbogbo wọn ló ń jò. Lithuania bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2016. Ìgò ike tó ń padà níbẹ̀ kò tó ìdajì tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún méjì ó ti ju ìdá 90 lọ. Ireland bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin àjọ EU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, kún un, torí òun ni ó ń dá oníbàárà sílẹ̀ fún irú ẹ̀yin. Òfin 2019 lórí ike àlòsọnù ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gba ìgò ike mímu padà dé ìdá 77 nínú 100 ní 2025, ìdá 90 ní 2029. Ó tún ní kí ìgò omi àti mínírà tí wọ́n fi PET (irú ike tí wọ́n sábà fi ń ṣe ìgò omi) ṣe ní ìdá 25 ike àlòkù nínú láti 2025, kí gbogbo ìgò ike mímu ní ìdá 30 láti 2030. (Òfin yẹn kan náà ló so ìdérí mọ́ ọrùn ìgò, èyí tí ń gún àwọn èèyàn wa ní Yúróòpù nímú bí wọ́n bá fẹ́ mumi.) Ìdá 25 yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyíká nìkan. Ó túmọ̀ sí pé bí ike tuntun tilẹ̀ di ọ̀fẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣì ra àlòkù.

Ní ti ẹ̀rọ, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní HolyGrail 2.0, ilé-iṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀. Wọ́n ń tẹ àmì tí ojú kì í rí sára ike àti páálí, kéékèèké bí òǹtẹ̀ lẹ́tà, kí ẹ̀rọ tó ń ya ìdọ̀tí lè mọ èyí tó gbé oúnjẹ rí yàtọ̀ sí èyí tó gbé ọṣẹ. Wọ́n dán an wò ní Copenhagen, ó sì mọ ike náà nínú ìdọ̀tí tó ń sáré kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ó dáa. Àmọ́ ó yẹ kí ẹ̀yin gan-an bi wọ́n ní ohun tí mo máa ń bi wọ́n: ta ni yóò ra ẹ̀rọ ayàǹkan náà, ẹni tó ń tẹ àmì ni tàbí ẹni tó ń ya pàǹtí?

Ọ̀rọ̀ dé Sundsvall wàyí, ní Sweden. Ilé-iṣẹ́ Renewcell gba ilé ìṣebébà àtijọ́ kan níbẹ̀, ó sì ṣí i ní 2022 láti máa fi akísà òwú ṣe ríro (pulp), ìyẹn nǹkan bíi bébà tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ omi, tí wọ́n lè tún ràn di fọ́nrán aṣọ. Agbára tí wọ́n ń lé fún ilé-iṣẹ́ náà dé 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ìmọ̀ náà jinná, ohun tó ń jáde dára, H&M, ilé-iṣẹ́ aláṣọ ńlá, sì ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ náà. Gbogbo ayé pàtẹ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó kéde pé òun ti wọ gbèsè tí òun kò lè san.

Kí ló pa á? Ẹ wo ọ̀nà tí ọjà rẹ̀ ń gbà. Alákísà ta akísà fún Renewcell. Renewcell ta ríro rẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe fọ́nrán, àwọn yẹn tà á fún àwọn tó ń ran òwú, àwọn yẹn fún ahunṣọ, ahunṣọ fún aránṣọ, aránṣọ fún ilé-iṣẹ́ tó ní orúkọ lára aṣọ. Ẹni tó ń ṣèlérí nínú ìwé ìròyìn, ìyẹn olórúkọ, kì í ra ríro. Ẹni tó ń ra ríro kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ríro igi sì wà lọ́jà ní owó tó kéré sí i. Oníkálukú ń wo ẹni tó wà níwájú rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ fà á. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, àwọn olówó kan rà á, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí Circulose. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó nínú iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe nǹkankan, bí ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ san owó ọjà kò bá sí láàárín wọn.

Ìdí tí ìwé yín fi ní ẹni mẹ́tàlá nìyẹn, bí wọ́n bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. FORCE, iṣẹ́ kan tí àjọ EU fi owó tì lẹ́yìn láti 2016, pín ọjà mẹ́rin fún ìlú mẹ́rin: ike fún Copenhagen, ẹ̀rọ tó ti kú fún Hamburg, àjẹkù oúnjẹ fún Lisbon, igi àlòkù fún Genoa. Nídìí ọjà kọ̀ọ̀kan, ẹ nílò ìjọba ìlú tó ni ìdọ̀tí náà lábẹ́ òfin, ẹni tó ń kó o, ẹni tó ń yà á, ẹni tó ń ṣe é, ẹni tó ń rà á, àti yunifásítì tó ń wọn gbogbo rẹ̀. Ẹ kà á wò, èrò ti pé.

Ó ṣeé ṣe kí ìwé tiyín wà lábẹ́ Horizon Europe, àpò ìwádìí àjọ EU láti 2021 sí 2027, tí wọ́n fi nǹkan bí 95.5 bílíọ̀nù yúrò bẹ̀rẹ̀. Òfin rẹ̀ ni pé ó kéré tán kí ẹni mẹ́ta láti orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún kó ara wọn jọ. Lẹ́yìn ìyẹn, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ènìyàn wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó nínú rẹ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní "ẹ má bínú, òfin kò jẹ́ ká lè san owó fún Nàìjíríà", kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè ojú ìwé tó wà.

Owó náà rí bí àjọ tí à ń dá lọ́jà. Olórí àjọ, tí wọ́n ń pè ní coordinator, ni owó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òun ló ń pín in. Apá kan ń wá níbẹ̀rẹ̀, apá kan lẹ́yìn ìròyìn, ìyókù ní ìparí. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ orúkọ yín sí kí ẹ wo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ "beneficiary", ẹ ní owó tiyín, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ohun tí ẹ bá ṣàwárí. Bó bá jẹ́ "associated partner", iṣẹ́ ni yóò kàn yín, owó àjọ EU kò ní kàn yín. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kékeré kan, n kò ní dárúkọ wọn, tó fi odindi ọdún méjì kó ike jọ, tó sì san owó ọkọ̀ òfuurufú ara rẹ̀ lọ sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn kò rẹ́ wọn jẹ. Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí.

Ẹ tún wo irú iṣẹ́ tó jẹ́. Bó bá jẹ́ ti ìwádìí, wọ́n lè san gbogbo ìnáwó yín. Bó bá jẹ́ "innovation action", yunifásítì máa gba ìdá 100, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣòwò bíi tiyín máa gba ìdá 70. Ìdá 30 tó kù, láti àpò yín ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ ní náírà kí inú yín tó dùn. Bí wọ́n bá kọ "lump sum" síbẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní owó tirẹ̀, tí ìpín náà kò bá sì parí, owó rẹ̀ kò ní wọlé, ì báà jẹ́ pé ẹlòmíràn ló fà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹ kò bi mí. Bí àlàyé wọn bá mẹ́nu ba kíkó ike àlòkù láti Yúróòpù wá fún yín láti lọ̀, ẹ má fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 2026, òfin àjọ EU kò ní jẹ́ kí wọ́n kó pàǹtí ike lọ sí orílẹ̀-èdè tí kò sí nínú ẹgbẹ́ OECD (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ wọn lọ́rọ̀), Nàìjíríà kò sì sí níbẹ̀. Ó ní ohun tó fà irú òfin bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn yín níbẹ̀, ibùdó àdéhùn Basel (àdéhùn àgbáyé lórí kíkó pàǹtí eléwu láti ilẹ̀ kan dé òmíràn) tó wà ní yunifásítì pẹ̀lú yunifásítì àjọ UN fi ọdún 2015 àti 2016 ka ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń gba èbúté Èkó wọlé. Ó tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, púpọ̀ jù lọ láti Yúróòpù, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n kì sínú ọkọ̀ tòkunbọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù ló ti kú kó tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n ní àtúnlò ni.

Ẹ kọ̀wé padà sí yunifásítì náà. Ẹ bi wọ́n ní ipò tí ẹ wà nínú ìwé, iye tó jẹ́ tiyín, ọjọ́ tí yóò wọlé, àti orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti gbà ní kíkọ sílẹ̀ pé òun yóò ra ohun tí ẹ bá lọ̀, ní iye wo, fún ọdún mélòó. Bí orúkọ ẹni tí yóò rà á kò bá sí, ẹ ṣì lè lọ bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀, àmọ́ ẹ má ra ẹ̀rọ kankan nítorí rẹ̀, ẹ má sì lé oníbàárà yín tó ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí èsì wọn bá dé, ẹ fi ojú ìwé ìṣirò owó ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wò ó.